Ẹmu Ilẹ̀ Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Bí ènìyàn bá jí ní kùtùkùtù ní abúlé kan láàárín Àkúrẹ́ àti Oǹdó, kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere, ó ṣeé ṣe kí ó pàdé ọkùnrin kan tí ó ń ti inú igbó bọ̀, tí igbà wà ní èjìká rẹ̀, tí akèrègbè méjì tàbí mẹ́ta sì ń fì ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìfófòó funfun a máa yọ ní ẹnu akèrègbè náà, àwọn oyin a sì máa fò tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ẹni pé wọ́n bá a dá àdéhùn. Adẹ́mu ni ọkùnrin yìí. Yóò dáhùn ìkíni, ṣùgbọ́n kò ní dúró sọ̀rọ̀ pẹ́, nítorí pé ẹrù tí ó gbé kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó dùn bí oyin ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀ yóò ti di ọtí gidi kí oòrùn tó kàtàrí, bí ó bá sì di ọ̀túnla, kíkan ni yóò kan.

Ní ilẹ̀ Faransé, èso àjàrà ni àwọn ènìyàn fi ń ṣe wáìnì, wọ́n a sì máa fi orúkọ ibi tí àjàrà náà ti hù pe ọtí rẹ̀. Orúkọ ìlú ni Bordeaux, orúkọ àgbègbè sì ni Champagne, kí ó tó di pé aráyé sọ wọ́n di orúkọ ọtí. Wáìnì tí ó dára lè wà nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ fún ogún ọdún kí a tó ṣí i, owó rẹ̀ a sì máa gòkè bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ẹmu kò ní ẹ̀mí gígùn bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, òun náà ní ilẹ̀ tirẹ̀, ó sì ní ìmọ̀ tirẹ̀. Àgbà tí ó mọ̀ ọ́n yóò sọ bóyá ti ọ̀pẹ ni tàbí ti ògùrọ̀, bóyá ti àárọ̀ yìí ni tàbí ti àná, bóyá a ti bu omi là á tàbí a kò bu omi là á, kí ó tó gbé ahá kúrò ní ẹnu.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí a dá sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976 pẹ̀lú Àkúrẹ́ gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú, jẹ́ ilẹ̀ tí ó yàtọ̀ síra gidigidi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní apá Àkókó ní àríwá, igi kò pọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀dàn ti bẹ̀rẹ̀. Ní Àkúrẹ́, Ìdànrè àti Oǹdó, àpáta àti igbó kìjikìji ni, ilẹ̀ kòkó ni, ọ̀pẹ sì pọ̀ láàárín kòkó náà. Bí a bá tún sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Ìkálẹ̀ ní Òkìtìpupa, tí a sì dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ ní ẹ̀bá òkun, ilẹ̀ a di àbàtà, omi a gba gbogbo ọ̀nà, ibẹ̀ ni ògùrọ̀ ti ń hù nínú ẹrẹ̀ láìsí ẹni tí ó gbìn ín. Nítorí náà, ohun mímu àwọn ará òkè àti ti àwọn ará odò kò lè jẹ́ ọ̀kan náà. Ilẹ̀ ni ó pín in fún wọn.

Ti ọ̀pẹ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ, nítorí òun ni ó wọ́pọ̀ jù ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Ọ̀pẹ kan náà a máa yọ òdòdó akọ ní ìgbà kan, a sì máa yọ òdòdó abo ní ìgbà mìíràn. Òdòdó abo ni ó ń di ìdì ẹyìn tí a fi ń ṣe epo. Òdòdó akọ kì í so ohunkóhun. Òun ni adẹ́mu ń wá kiri. Adẹ́mu tí ó mọ iṣẹ́ a dúró sí ìdí ọ̀pẹ, a gbójú sókè, a sì mọ èyí tí ó ti tó dá àti èyí tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i. Kì í fi ọwọ́ kan èyí tí yóò di ẹyìn, nítorí pé bí olóko bá rí i pé ó ba epo òun jẹ́, kò ní jẹ́ kí ó tún gun ọ̀pẹ kankan nínú oko náà mọ́.

Igbà ni ohun èlò tí ó ṣe pàtàkì jù. Okùn tí ó nípọn ni, adẹ́mu a fi yí ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ ká, a sì so ó kí ó le. Bí ó bá fẹ́ gòkè, a fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ara ọ̀pẹ, a fi ẹ̀yìn ti igbà, a sì fi ọwọ́ méjèèjì ju igbà náà sókè díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí yóò fi dé abẹ́ imọ̀, ọ̀pẹ àgbà sì lè ga tó mítà 20. Nígbà tí ó bá dé òkè, a fi àáké tàbí àdá ṣí ọ̀nà láàárín imọ̀, a fi ọ̀bẹ mímú bẹ́ òdòdó akọ náà, a sì ki ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ sí ojú ọgbẹ́ náà, kí omi rẹ̀ lè máa ro tó, tó, tó sínú akèrègbè tí ó so mọ́ ọn. Gbogbo èyí ni ó ń ṣe pẹ̀lú ìwúwo ara rẹ̀ lórí okùn kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ náà kò parí níbẹ̀. Ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, adẹ́mu gbọ́dọ̀ padà gun ọ̀pẹ náà, kí ó kó ohun tí ó ti ro jọ, kí ó sì tún fi ọ̀bẹ bẹ́ díẹ̀ kúrò ní ojú ọgbẹ́ náà. Bí ó bá bẹ́ ẹ jù, òdòdó náà yóò tètè tán; bí kò bá bẹ́ ẹ tó, ojú rẹ̀ yóò dí, omi kò sì ní ro mọ́. Ìwọ̀nba tín-ín-rín yìí, tí kò ju sísanra ewé lọ, ni ó ya ọ̀gá sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ iṣẹ́. Kò sì sí ọjọ́ ìsinmi nínú rẹ̀. Òjò ìbáà rọ̀, ara ọ̀pẹ ìbáà máa yọ̀ bí ẹja, ọ̀pẹ kò mọ̀ pé ọjọ́ ọdún ni.

Ewu iṣẹ́ yìí hàn sí ẹnikẹ́ni tí ó bá gbójú sókè. Igbà lè já, ejò lè wà láàárín imọ̀, agbọ́n lè ti kọ́ ilé síbẹ̀. Ní 1952, ilé ìtẹ̀wé Faber and Faber ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwé Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, jáde, èyí tí a pè ní The Palm-Wine Drinkard. Ìwé náà di olókìkí káàkiri ayé. Orí kí ni gbogbo ìtàn náà dúró lé? Adẹ́mu kan ni ó já láti orí ọ̀pẹ tí ó sì kú, tí ọ̀gá rẹ̀, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa mu ẹmu lọ, sì ní òun yóò wá a lọ dé ìlú àwọn òkú. Àwọn àjèjì kà á bí àlọ́. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe àlọ́ lójú ará oko ilẹ̀ Oǹdó. Bí a bá rán ọmọdé sí adẹ́mu tí kò sì bá a nílé ní àkókò tí ó yẹ kí ó ti dé, àyà gbogbo ilé a máa já.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ọtí ni ó ń ti ara ọ̀pẹ jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ṣúgà ni ó ń jáde, ó mọ́ gaara, nǹkan bí ìdá 10 sí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ ṣúgà. Ṣùgbọ́n inú akèrègbè tí a ti lò lánàá kò ṣófo bí ojú ti rí i. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí wà níbẹ̀, àwọn mìíràn sì wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára kòkòrò tí ń bà lé ojú ọgbẹ́ ọ̀pẹ. Ìwúkàrà ni ọ̀gá wọn, irú ohun kan náà tí ó ń mú kí ìyẹ̀fun búrẹ́dì wú. Kí ìwúkàrà àtà tó wọ́pọ̀ lọ́jà, àwọn tí ń ṣe búrẹ́dì a tilẹ̀ máa po ẹmu mọ́ ìyẹ̀fun wọn. Ìwúkàrà yìí a jẹ ṣúgà inú omi ọ̀pẹ, a sì sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ náà ni ó ń mú kí ẹmu máa hó. Àwọn ìwúkàrà tí kò níye sì ni ó sọ ọ́ di funfun bí wàrà. Kí ọjọ́ kan tó pé, ọtí inú rẹ̀ lè tó ìdá 4 tàbí 5 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí ó bá bíà dọ́gba. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ẹ̀dá mìíràn yóò dé, tí wọn yóò sọ ọtí náà di ọtí kíkan. Ìdí nìyí tí àgbà kì í fi í dé ìgò ẹmu pinpin: afẹ́fẹ́ náà kò rí ọ̀nà jáde, ìgò a sì bẹ́.

Ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, Louis Pasteur, ni ó fi hàn láti 1857 lọ pé àwọn ẹ̀dá alààyè ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Láàárín àwọn ọdún 1860, ó rí i pé bí a bá mú wáìnì gbóná níwọ̀nba láìjẹ́ pé ó hó, àwọn ẹ̀dá tí ń bà á jẹ́ yóò kú. Àwọn adẹ́mu kò ka ìwé Pasteur, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ tipẹ́tipẹ́ pé akèrègbè tí a fọ̀ dáadáa tí a sì fi iná yọ́ inú rẹ̀ a máa jẹ́ kí ẹmu pẹ́ kí ó tó kan, àti pé díẹ̀ nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná a máa jẹ́ kí ti òní tètè mú.

Ògùrọ̀ ní tirẹ̀ ní ìwà tí ó yàtọ̀. Kì í ga bí ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n imọ̀ rẹ̀ gùn ju ti ọ̀pẹ lọ fíìfíì. Láti ara rẹ̀ ni a ti ń rí ìkọ tí a fi ń hun aṣọ eégún àti ẹní, àti ọ̀pá tí àwọn ará odò fi ń kọ́ ilé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ògùrọ̀ ń yọ òdòdó ní gbogbo ayé rẹ̀, bí ó bá sì ti so tán, ó kú nìyẹn. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó yọ òdòdó yìí, gbogbo ṣúgà tí ó ti kó jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún a wà ní ọ̀nà àtigòkè. Ìgbà yẹn gan-an ni adẹ́mu a gé ọkàn rẹ̀ ní òkè, a sì máa gba omi rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, títí igi náà yóò fi gbẹ. Ẹni tí ó bá dá a ní ọdún kan ṣáájú àkókò kò ní rí nǹkan kan gbà, yóò sì ti pa igi náà lásán. Ẹni tí ó bá pẹ́ jù yóò bá èso. Omi ògùrọ̀ pọ̀ ju ti ọ̀pẹ lọ, adùn rẹ̀ kò sì rí bákan náà. Àwọn ará Àkúrẹ́ tí ọ̀pẹ ti mọ́ lára a máa ní ti ọ̀pẹ ni ó jẹ́ ẹmu gidi. Àwọn ará Ìgbọ́kọ̀dá kò sì ní gbà fún wọn láéláé.

Pípọ̀ tí ògùrọ̀ pọ̀ ni ó bí ògógóró. Ẹmu púpọ̀ tí kò lè dé ọjà kí ó tó kan, kí ni a ó fi í ṣe? Àwọn ará odò àti àwọn Ùròbò tí wọ́n wá ṣiṣẹ́ ọ̀pẹ ní agbègbè Òkìtìpupa mọ ọ̀nà rẹ̀. Wọn a jẹ́ kí ẹmu náà mú fún ọjọ́ mélòó kan, wọn a dà á sínú àgbá irin, wọn a sì dáná sí abẹ́ rẹ̀. Ooru rẹ̀ a gba inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó la omi tútù kọjá, níbẹ̀ ni yóò ti di omi padà tí yóò sì máa kán sínú ìgò. Ọtí a máa hó ní ìwọ̀n ooru 78, omi a sì máa hó ní 100. Nítorí náà ọtí ni ó ń kọ́kọ́ sáré jáde. Láàárín àwọn ọdún 1930, nígbà tí owó ṣọ̀wọ́n tí owó orí ọtí òyìnbó sì ga, iṣẹ́ yìí gbilẹ̀ gan-an. Ìjọba òyìnbó fi òfin dè é, àwọn ọlọ́pàá ń fọ́ àgbá kiri nínú igbó, wọ́n sì ń ti àwọn ènìyàn mọ́lé. Wọ́n ní ọtí náà léwu. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n owó orí ọtí tí ń gba èbúté wọlé ni ó dùn wọ́n jù.

Ewu náà kì í ṣe àsọdùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn lójijì. Orí ń fọ́ wọn, ojú wọn ń ṣú, àwọn mìíràn fọ́jú, wọ́n dákú, ọ̀pọ̀ wọn kò sì lo ju ọjọ́ kan lọ. Ẹni tí ó kú ju mẹ́wàá lọ. Àwọn kan ní òrìṣà ìlú ni ó ń bínú. Nígbà tí a yẹ ohun tí a gbà lára àwọn aláìsàn wò, mẹ́táńọ́ọ̀lù ni a bá níbẹ̀, ọtí olóró tí àwọn ilé iṣẹ́ ń lò fún ọ̀dà àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ sí i, irú ikú kan náà tún ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers. Mẹ́táńọ́ọ̀lù àti ọtí gidi jọra ní ojú, wọ́n sì jọra ní òórùn, ahọ́n kò lè tètè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹmu lásán kì í ní irú oró bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n tí ó lè pa ènìyàn. Ẹni tí ń fẹ́ kí ọtí òun pọ̀ kí owó rẹ̀ sì dínkù ni ó ń wá oríṣi nǹkan pò mọ́ ọn.

Kì í ṣe ara igi nìkan ni a ti ń rí ohun mímu ní ilẹ̀ yìí. Àwọn obìnrin ń fi àgbàdo tí ó ti hù ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Wọ́n sì ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n rà ṣe àgàdàgídí: wọn a bó o, wọn a rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọn a sì sẹ́ ẹ. Níbi tí kòkó bá wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í jìnnà, nítorí abẹ́ òjìji rẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ fi ń tọ́ ọmọ kòkó dàgbà. Bẹ́ẹ̀ ni àgàdàgídí ṣe di ohun mímu ilẹ̀ Oǹdó.

Ṣùgbọ́n ẹmu ni ó wọ inú ìtàn jù. Àwọn àgbà sọ pé Olódùmarè rán Ọbàtálá láti wá dá ilẹ̀ ayé, pé ó mu ẹmu lójú ọ̀nà, ó sùn lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Títí di òní, àwọn olórìṣà Ọbàtálá kì í fi ẹnu kan ẹmu. Ti Ògún yàtọ̀, nítorí ẹmu ni ohun mímu tirẹ̀. Nígbà tí ó dé Irè-Èkìtì pẹ̀lú òùngbẹ, ó bá àwọn ènìyàn níbi ìpàdé tí a kò gbọ́dọ̀ kí ènìyàn, ó gbé akèrègbè ẹmu wò, ó ṣófo. Ó rò pé wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì fa idà yọ. Nínú ọdún Ògún tí àwọn ará Oǹdó ń ṣe, akèrègbè kì í ṣófo. Orin pàápàá jẹ ẹmu ní gbèsè. Láti inú orin gìtá tí a ń kọ ní ìsọ̀ ẹlẹ́mu ní Èkó ni jùjú ti yọ, ìdílé ọba Oǹdó ni King Sunny Adé, tí a bí ní 1946, sì ti wá, ẹni tí ó gbé jùjú náà dé òkè òkun.

Ohun tí a kò tíì ṣẹ́gun ni àìpẹ́ ẹmu. Ilé ìwádìí ọ̀pẹ tí a dá sílẹ̀ nítòsí Bìní ní 1939, tí a sọ ní NIFOR ní 1964, ti rọ ẹmu sínú ìgò, wọ́n sì ń fi ooru pa ìwúkàrà inú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Pasteur ti kọ́ni. Ilé ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì, tí a dá sílẹ̀ ní 1956, náà ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹmu inú ìgò a máa pẹ́ fún oṣù púpọ̀, ó sì mọ́. Ṣùgbọ́n kì í hó bí ti òwúrọ̀, ẹni tí ó bá sì ti mu ti abẹ́ ọ̀pẹ rí yóò mọ̀ pé ohun kan ti kú nínú rẹ̀. Ìwúkàrà ni ó kú.

Ní ìgboro Àkúrẹ́, oríṣi ẹmu mìíràn ni ó sábà máa ń wà nínú kẹ́ẹ̀gì: ìdajì ẹmu, ìdajì omi, pẹ̀lú ṣúgà tàbí ṣákárínì láti fi bo àléébù rẹ̀. Kò yani lẹ́nu. Ìlú ti fẹ̀ láti ìgbà tí ó ti di olú-ìlú ní 1976, a ti gé ọ̀pẹ púpọ̀ láti kọ́ ilé, àwọn tí ń mu ẹmu sì pọ̀ ju ohun tí àwọn adẹ́mu lè gbé wá lọ. Àwọn adẹ́mu fúnra wọn ń darúgbó. Ọmọ tí ó lè gun ọ̀kadà kí ó rí owó kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ta ni yóò mú un gun ọ̀pẹ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́? Àwọn àjèjì láti ìlà-oòrùn ni wọ́n ń dá ẹmu ní ọ̀pọ̀ oko báyìí, wọ́n sì mọ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n bí adẹ́mu àgbà kan bá fi igbà kọ́ sí ara ògiri ní abúlé tí kò sí ọmọ tí ó kọ́ ọ, ojú tí ó mọ òdòdó tí ó tó dá láti ìsàlẹ̀ ọ̀pẹ bá a lọ nìyẹn, kò sì sí ìwé tí ó wà.

Nígbà tí oòrùn bá rọ̀ díẹ̀, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin, ẹlẹ́mu tí ó wà ní ẹ̀bá ọ̀nà Oǹdó a da ìyókù ti àárọ̀ sínú ìkòkò kan lọ́tọ̀, nítorí ó ti ń mú jù. Adẹ́mu a fọ akèrègbè rẹ̀, a fi iná yọ́ ọ, a gbé igbà kọ́ èjìká, a sì padà sí ìdí ọ̀pẹ tí ó gùn ní òwúrọ̀.